Ìkíni Àárọ̀ Ilé Onílé

Bàbá mi kò fẹ́ kí n fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, kò sì fi bò. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú ló ti wà lọ́dọ̀ mi ní Benin, nínú yàrá iwájú ilé tí mo háyà ní Ugbowo, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì débi pé kò lè ka ìwé mọ́. Lóṣooṣù, bí ìwé ìròyìn wa bá ti jáde, màá jókòó tì í, màá ka ohun tí mo kọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yóò dijú. Bí mo bá dé ibi tó dùn mọ́ ọn, yóò ní, "Tún ibẹ̀ kà." Bí mo bá dé ibi tó mú un lára, yóò ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" Ìbéèrè yẹn kọ́ mi níṣẹ́ ju olóòtú mi lọ.

Nítorí náà, ní ọjọ́ tí mo sọ fún un pé ilé iṣẹ́ ìpolówó kan ń pè mí, ńṣe ló la ojú méjèèjì.

"Ìpolówó? Mo rán ọ lọ sí yunifásítì, o wá fẹ́ máa kiri ọjà?"

"Bàbá, kì í ṣe kíkiri. Orí rédíò ni."

"Orí igbá ni o, orí rédíò ni o, ìwọ ṣáà ń polówó. Ọjà tó bá dáa, ara rẹ̀ ló ń tà. Èyí tí kò dáa ni wọ́n ń pariwo kiri."

Ta ló máa bá irú bàbá bẹ́ẹ̀ jiyàn? Ṣùgbọ́n inú bí mi, nítorí èmi ni mo mọ ohun tí ojú mi ń rí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ̀wé fún ìwé ìròyìn olóṣooṣù yẹn. Bépà ò sí lónìí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàjẹ́ lọ́la. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà Ọdún Àjíǹde, ìgbà tí wọ́n bá ń se àgbàdo tuntun ni ẹnikẹ́ni máa tó kà á. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan rí nípa àgbàrá tó ń wọlé àwọn èèyàn ní Upper Sakponba. Mo wọ inú omi náà dé orúnkún, bàtà mi kan bá omi lọ. Kí ìwé náà tó jáde, ọyẹ́ ti dé. Mo gbé e lọ fún obìnrin kan tí mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, ó wo ìwé, ó wo ilẹ̀ ìta rẹ̀ tó ti sán, ó wo ojú mi, ó ní, "Madam, water don dry." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo délé, mo sunkún. Mo fẹ́ iṣẹ́ tí màá sọ̀rọ̀ láàárọ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun kan sì tún wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni: bàbá mi kò lè kàwé mọ́, ṣùgbọ́n rédíò kékeré ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ kì í kú láti ìdájí.

Ni mo bá lọ. Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ ìpolówó náà, ará Ìjẹ̀bú ni, ọkùnrin gíga kan tí kì í pariwo. Nǹkan méjì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: wọ́n ń ṣe ìpolówó fún rédíò, wọ́n sì tún ń ṣètò eré àwàdà àti orin sínú gbọ̀ngàn lọ́sàn-án Sátidé fún tọkọtaya àtọmọ. Ó ní, "Aǹtí oníwèé ìròyìn, oṣù mẹ́ta ni a ó kọ́kọ́ fi wo ara wa. Tó bá lọ dáadáa, ẹ̀ka eré ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́, kí ẹ jẹ́ olórí rẹ̀. Tí kò bá lọ dáadáa, a ó dágbére fún ara wa, kò ní já síjà." Mo ní ó dáa. Àga mi ní ilé ìwé ìròyìn, ẹlòmíràn ti jókòó sórí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Kò sí ibi tí mo lè padà sí. Bí oṣù mẹ́ta yẹn bá fọ́, ó fọ́ mọ́ mi lórí nìyẹn, bàbá mi yóò sì ní òun ti wí.

Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, mo gbọ́ tí àgbà ìjọ kan ń béèrè lọ́wọ́ bàbá mi pé iṣẹ́ wo ni ọmọ wọn obìnrin ń ṣe báyìí. Bàbá mi ní, "Ìwé ìròyìn náà ló ṣì ń kọ."

Háà! Bàbá mi! Ẹni tó na odidi kíláàsì kan rí nítorí irọ́ ẹyọ kan! Mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí kò gbọ́. Ó dùn mí wọra. Ó sàn kó bú mi ju kó fi mí pamọ́ lọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi, ti búrẹ́dì ni. Obìnrin Edo kan ló ni ilé búrẹ́dì náà, kò jìnnà sí ọjà Ekiosa, ìyá kan tó sanra dáadáa, tí ohùn rẹ̀ sì ń ró. Ó fẹ́ kí a gbọ́ orúkọ búrẹ́dì òun lórí rédíò ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí àwọn ọmọ bá ń múra ilé ìwé. Ó ní òun ń rìnrìn àjò, kí a ṣáà ṣe é, òun fọkàn tán wa.

Mo ti mọ ohun tí màá ṣe kí n tó délé. Ìdí ni pé bàbá onílé wa, ọmọ Edo àtàtà, àti ìdílé rẹ̀ ló ń gbé ẹ̀yìn ilé. Ọdún kẹrin tí mo ti wà níbẹ̀ nìyẹn, kò sí ìdájí tí n kò gbọ́ tí àwọn ọmọ ilé náà ń kúnlẹ̀ níwájú bàbá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń sọ pé, "Lamogun." Ó ń dùn mọ́ mi. "Ób'owie" ni gbogbo ìgboro ń kí ara wọn láàárọ̀, ìyẹn kò ṣàjèjì sí mi. Mo wá rò ó lọ́kàn mi pé Lamogun ni wọ́n ń lò nínú ilé, bí àwa náà ṣe ń sọ "ẹ káàárọ̀" níta, tí a sì ń sọ "ẹ jíire" nínú yàrá. Mo ní ìkíni inú ilé ló yẹ búrẹ́dì àárọ̀.

Ẹ má dá mi lẹ́bi púpọ̀. Yorùbá ni mí. Àwa tí a ń kí ẹni tó jókòó, tí a ń kí ẹni tó dúró, tí a ń kí ẹni tó ń dirun àti ẹni tí wọ́n ń di irun rẹ̀, èwo nínú rẹ̀ ló ní ẹnìkan tó ni ín? Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá ti tó o ló ń kí i. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ìkíni lè ní olówó. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti jẹ̀bi gan-an nìyí: nígbà tí mo wà ní ilé ìwé ìròyìn, n kò jẹ́ kọ ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu èèyàn méjì. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò béèrè lẹ́nu ẹyọ kan. Mo ní ìpolówó ṣáà ni, ta ló ń wá ẹ̀rí nínú ìpolówó?

Ọmọ bàbá onílé ló sọ "Lamogun" náà sínú téèpù. Ìkíni ilé wọn ni, kò ṣàjèjì sí i, n kò sì sọ fún un pé ti búrẹ́dì ni. Ọ̀gá mi, ará Ìjẹ̀bú. Ẹni tó gba téèpù lọ́wọ́ wa ní ilé iṣẹ́ rédíò, ọmọ apá Àsàbà. Gbogbo wa ni a gbọ́ ọ, gbogbo wa ni a sọ pé ó dùn.

Ní Mọ́ńdè, ó jáde. Àkùkọ kọ, ọmọ kí bàbá rẹ̀, bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n dárúkọ búrẹ́dì. Bàbá mi tó jókòó sétí rédíò kò sọ ju pé, "Ohùn ọmọ yẹn mọ́." Mo fò lọ síbi iṣẹ́.

Aago mẹ́sàn-án kò tí ì lù tí ìyá oníbúrẹ́dì fi wọlé bí ìjì. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló ti ìrìn àjò dé. "Who tell you say I be palace pikin?" ló fi kí mi. Ìkíni tèmi nìyẹn.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tó yẹ kí n ti gbọ́ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Àwọn Edo, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ìkíni àárọ̀ tirẹ̀. Bí ọmọ bá jí, èyí tí í ṣe ti ìdílé rẹ̀ ló máa fi kí bàbá rẹ̀, láti ẹnu rẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń mọ ọmọ ilé tó jẹ́. Lamogun, ti ìdílé ọba ni. Bàbá onílé wa bá ilé ọba tan, èmi ni n kò mọ̀. Mo ti wá gbé ìkíni ìdílé ọba bọ ìyá oníbúrẹ́dì lẹ́nu, níṣojú gbogbo ìlú, láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti ránṣẹ́ pè é kí ó tó wẹ̀ tán: ṣé ó ti kọ ilé bàbá rẹ̀ ni? Ṣé ìran tiwọn kò dáa tó mọ́? Àwọn obìnrin Ekiosa pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Princess, bring royal bread make we see."

Ó ní kí a yọ ọ́ kúrò lórí rédíò lójú ẹsẹ̀. Ó ní bí òun kò bá gbọ́ ohun tó máa nu ojú òun títí di Fúráìdè, òun ti lọ nìyẹn, òun yóò sì sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Ó jáde.

Ọ̀gá mi kò bú mi. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìkíni yẹn, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó wù mí kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ìbéèrè bàbá mi gan-an!

Mo délé lọ́sàn-án gangan. Mo jókòó síwájú bàbá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Mo ti múra sílẹ̀ de "mo ti wí." Ó ní, "Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Nígbà tí o wà ní ilé ìwé ìròyìn, tí o bá kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, kí ni o máa ń ṣe?"

"Mo máa ń padà lọ béèrè, sà."

"Ẹsẹ̀ rẹ ti wá kán báyìí ni?"

Mo dìde. Ẹ̀yìn ilé ni mo kọ́kọ́ lọ, sọ́dọ̀ bàbá onílé. Mo kúnlẹ̀, mo rò fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Píjìn la jọ ń sọ, ó ní kí n má sunkún, pé ẹni tí kò mọ̀ ni, kò sí ẹni tó máa pa mí. Mo ní kí ó ka ìkíni àwọn ìdílé yòókù fún mi kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n òun kò lè fi ẹnu òun kí ìkíni ilé ẹlòmíràn fún mi, kí n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ó sọ ilé mẹ́ta tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo fa ìwé kékeré tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn yọ, mo kó sí bọ́ọ̀sì, mo sì rìn fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ sí Upper Sakponba, sínú ilé tí mo ti wọ omi àgbàrá nígbà kan. Obìnrin "water don dry" ṣì mọ̀ mí, òun ló sì mú mi wọ ilé méjì. Mo lọ sẹ́yìn Ekiosa. Níbí wọ́n ní Latose, lọ́hùn-ún wọ́n ní Delaiso. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, ẹnu èèyàn méjì ni mo ti ń gbọ́ ọ kí n tó kọ ọ́. Ẹsẹ̀ mi wú. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, inú mi ti ń dùn díẹ̀díẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni mo ń ṣe.

Bàbá àgbàlagbà kan wà ní ọ̀kan nínú àwọn ilé náà tí kò fẹ́ dá mi lóhùn. Ó kọ́kọ́ béèrè ohun táwa Yorùbá fi ń kí bàbá wa láàárọ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

"All of una?"

Mo ní gbogbo wa.

Ó wò mí tàánútàánú. "So how una papa take dey know una?"

Mo rẹ́rìn-ín débi tí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun náà bá mi rẹ́rìn-ín, ó wá sọ tiwọn fún mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn la jọ padà yí gbogbo ilé yẹn ká. Nírọ̀lẹ́, mo gbé téèpù náà lọ sí ilé búrẹ́dì. Ìyá oníbúrẹ́dì jókòó sórí àpótí kan nínú ooru ààrò, kò ní kí n jókòó. Mo tẹ ẹ̀rọ. Ohùn ọmọ kan jáde, ó kí bàbá rẹ̀ ní ìkíni ilé wọn. Òmíràn jáde, òmíràn tún jáde, ìkíni wọn ò jọra. Ìyá yìí kò mira. Èyí tó gbẹ̀yìn, ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ránṣẹ́ pè é ni mo ti gbà á. Mo ti lọ tọrọ àforíjì níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí ohùn ọmọ yẹn ṣe kí ìkíni ìdílé tiwọn báyìí, ẹnu ìyá náà dáhùn. Ó dáhùn kí ó tó rántí pé inú ń bí òun.

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó wò mí. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó na búrẹ́dì gbígbóná kan sí mi. "Sit down, my daughter," ló wí. Orí mi ò! Mo jókòó, mo mí kanlẹ̀. Láti Mọ́ńdè, n kò rò pé mo tíì mí dáadáa.

Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìdílé kan láàárọ̀ kan ni. Lẹ́yìn ìkíni, ohùn kan á wá sọ ní èdè Edo àti Píjìn pé ìkíni ilé wa yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n búrẹ́dì kan náà ló wà lórí tábìlì gbogbo wa. Àwọn èèyàn ń dúró ti rédíò láti gbọ́ tiwọn. Àwọn kan wá bá ìyá oníbúrẹ́dì jà pé ìgbà wo ni ó máa kan ilé àwọn. Irú ìjà yẹn dára! Nígbà tí oṣù mẹ́ta náà pé, ọ̀gá mi gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá olórí ẹ̀ka eré sórí tábìlì mi, ó ní, "Aǹtí, ó yá. Gbọ̀ngàn ti di tiyín." Mo ti fi ìpayà gbé ẹrù yẹn kiri fún oṣù mẹ́ta. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Wàrri dé ní Fúráìdè, ó bá mi lórí àga níbi tí mo ti sùn lọ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Ó wá ku bàbá mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ìròyìn ni mo ṣì ń kọ.

Ìyá oníbúrẹ́dì ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní àwọn àlejò tó ń gbé ìlú yìí náà ń jẹ búrẹ́dì òun, ó fẹ́ gbọ́ ti Yorùbá lórí rédíò lọ́jọ́ kan, kí ohùn rẹ̀ jẹ́ ti àgbà. Mo mọ àgbà kan. Mo lọ bá a ní yàrá iwájú.

"Èmi? Kí n polówó?"

"Ìkíni lásán ni, bàbá. Ẹ káàárọ̀ ni ẹ máa sọ."

Ó yí rédíò sílẹ̀. "Búrẹ́dì náà, ṣé ó dáa?"

"Ó dáa gan-an, bàbá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Mo jáde lọ ra búrẹ́dì. Kò jẹ́ kí n fi bọ́tà sí i. Ó gé e, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi omi tútù jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń máàkì ìdánwò. Ó mú ẹyọ kejì. Ó mú ẹkẹta. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun wá kóòtù òun, èyí tí ó wọ̀ ní ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì.

Nínú sítúdíò, mo mú un lọ́wọ́ lọ sídìí máíkì. Ó tún ọ̀fun ṣe. "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé." Bí ó ti yẹ kí ó parí nìyẹn. Kò parí. Ó ní, "Mo ti jẹ búrẹ́dì yìí. Ó dáa." Ọ̀gá mi na ọwọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má gé e kúrò.

Ó jáde lórí rédíò ní Sátidé. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, àgbà ìjọ ìjọ́sí tún wá kí wa. Ó ní òun gbọ́ ohùn kan tó jọ ti bàbá mi lórí rédíò, àbí òun ṣì í gbọ́ ni, ṣebí ìwé ìròyìn ni ọmọ wọn ń kọ.

Bàbá mi fọwọ́ wá èjìká mi títí ó fi rí i.

"Mo purọ́ fún yín níjọ́sí," ló wí. "Ìpolówó ni ọmọ mi ń ṣe. Èmi àti òun la jọ ń ṣe é."